Olùkọ́, Ìlànà Ẹ̀kọ́ àti Èdè Ọmọ

Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní bá wí jù lọ, ṣùgbọ́n òbí tí ó bá ní ọmọ ní ilé-ìwé kò gbọdọ̀ tìtorí èyí dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí olùkọ́ ṣe lè mú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí i, kí ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ọmọ yóò jèrè. Ìbéèrè kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀: nígbà tí ìlànà bá ń yí padà lókè, kí ni olùkọ́ tí ó wà nínú kíláàsì yóò dì mú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a kò bá gbọdọ̀ fún ọmọ ní orúkọ láìwo ilé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹ̀kọ́ tí yóò máa bá a gbé títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kò lè wo ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ọmọ apẹja ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, ìwé kan náà ni ó wà fún wọn. Ẹni tí yóò bá wọn wo ilé ni olùkọ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni à ń pè ní ṣíṣe ètò ẹ̀kọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń da wọ́n pọ̀. Èkíní ni ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti ìjọba, èyí tí àwọn olùkọ́ mọ̀ sí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù. Àjọ tí ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NERDC, ni ó ń ṣe é. Ìwé yìí ń sọ ohun tí ọmọ gbọdọ̀ mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ètò iṣẹ́ sáà, èyí tí à ń pè ní sikíìmù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pín ẹ̀kọ́ ọdún kan sí sáà mẹ́ta, kí ó sì pín sáà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìmúrasílẹ̀, tí gbogbo olùkọ́ mọ̀ sí nóòtì. Inú rẹ̀ ni olùkọ́ ń kọ ohun tí òun yóò ṣe ní ọjọ́ kan, láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a fún ẹ̀kọ́ kan.

Ìwé kìn-ín-ní jẹ́ ti ìjọba. Ìwé kejì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ àti ti ilé-ìwé. Ìwé kẹta nìkan ni ó jẹ́ ti olùkọ́ pátápátá, òun náà ni ó sì sún mọ́ ọmọ jù lọ. Ó bani nínú jẹ́ pé òun gan-an ni a sábà máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ó wọ́pọ̀ kí olùkọ́ da nóòtì èṣí kọ, kí ó yí ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ padà, kí ọ̀gá ilé-ìwé sì fi yíǹkì pupa fọwọ́ sí i. Nígbà tí alábẹ̀wò bá dé, ìwé pé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò pé. Nóòtì tí a kọ fún ojú alábẹ̀wò kò lè ran ọmọ lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ọmọ èṣí kọ́ ni àwọn ọmọ ọdún yìí.

Ẹni tí ó bá rò pé ìwé ti ìjọba ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ fún òun, kí ó bojú wẹ̀yìn wo ìtàn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi, olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ kò sì tó wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àpérò kan wáyé ní Èkó lórí ohun tí ó yẹ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa kọ́. Kì í ṣe àwọn olùkọ́ nìkan ni a pè síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ẹlẹ́sìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìpàdé mìíràn tí Olóyè Simeon Adébọ̀ ṣe alága rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1973, láti inú rẹ̀ ni a sì ti rí Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977. Wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 1981, ní 1998, ní 2004 àti ní 2013. Ní 1982 ni ètò ọdún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin bẹ̀rẹ̀. Ní 1999 ni ìjọba gbé ètò ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti ọdún mẹ́sàn-án kalẹ̀, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2004.

Olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, tí ó sì fẹ̀yìn tì ní 2010, yóò ti rí ìlànà tí ó yí padà tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọmọ kò sì dúró de èyíkéyìí nínú wọn. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún tí ìlànà yí padà, ọdún kan ṣoṣo ni ó ní láti fi wà ní kíláàsì náà. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ń retí kí ọ̀rọ̀ fìdí múlẹ̀ lókè kí ó tó ṣe ètò tirẹ̀, ọdún yóò ti lọ.

Báwo wá ni olùkọ́ ṣe lè ṣe ètò tí kì í ṣe àdàkọ? Ní 1949, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ralph Tyler kọ ìwé kékeré kan tí ó gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣe àríwísí sí i lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin náà ṣì wúlò fún olùkọ́ tí ó jókòó ti nóòtì rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ wọ́n lọ́nà tiwa, báyìí ni wọn yóò ṣe rí. Kí ni a fẹ́ kí ọmọ lè ṣe? Iṣẹ́ wo ni a ó fún un ṣe kí ó lè débẹ̀? Èwo ni yóò ṣáájú, èwo ni yóò sì tẹ̀lé e? Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti débẹ̀?

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kìn-ín-ní kò sọ pé, «Kí ni olùkọ́ yóò sọ?» Ohun tí ọmọ yóò lè ṣe ni ó béèrè. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sínú nóòtì pé, «Kí àwọn ọmọ mọ̀ nípa omi», kò tíì kọ nǹkan kan, nítorí pé kò sí bí yóò ṣe mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé, «Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, kí ọmọ lè dárúkọ ibi mẹ́ta tí a ti ń rí omi ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì sọ èyí tí ó yẹ kí a sè kí a tó mu ún», ó ti mọ ibi tí òun ń lọ. Ó sì ti wo ilé. Ibi mẹ́ta tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yóò dárúkọ kò ní jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ọmọ Ìsẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí ọ̀rọ̀ orí àga lásán. Ìwé ìlànà sọ pé kí a kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní iye ipò, èyí ni pé nínú 45, 4 dúró fún mẹ́wàá-mẹ́wàá mẹ́rin, 5 sì dúró fún ẹyọ márùn-ún. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ nọ́ńbà náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀: mẹ́rin ni a kọ́kọ́ gbọ́, márùn-ún sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ Yorùbá ti gbọ́ nílé? Márùndínláàádọ́ta. Kò gbọ́ mẹ́rin rárá. Márùn-ún àti àádọ́ta ni ó gbọ́. Bí olùkọ́ kò bá ronú sí èyí ṣáájú, ọmọ lè fẹ́ kọ 5 àti 50 sílẹ̀, olùkọ́ yóò sì sọ pé olódo ni. Ọmọ kì í ṣe olódo. Ìṣirò mìíràn ni ó ń ṣe, ìṣirò tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Olùkọ́ tí ó bá ṣe ètò yóò kó ìdérí ìgò tàbí òkúta wẹ́wẹ́ wá sí kíláàsì. Yóò ní kí àwọn ọmọ ka àádọ́ta jáde, kí wọ́n pín in sí òkìtì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òkìtì márùn-ún ni yóò jẹ́. Lẹ́yìn èyí, yóò ní, «Ẹ ṣe ohun tí orúkọ yìí wí. Ó ní kí a dín márùn-ún kù nínú àádọ́ta.» Àwọn ọmọ yóò mú márùn-ún kúrò lára òkìtì kan. Kí ni ó ṣẹ́ kù? Òkìtì mẹ́rin tí ó pé, àti ẹyọ márùn-ún. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò kọ 4 àti 5 sára pátákó. Ọmọ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tí èdè ilé rẹ̀ ń sọ àti ohun tí ó wà lára pátákó kò ta ko ara wọn. Ó sì ti kọ́ ìyọkúrò mọ́ ọn láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ yóò mú 43 wá. Mẹ́tàlélógójì ni; ìròpọ̀ ni èyí, nítorí pé mẹ́ta lé lórí ogójì. Àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí rí ètò tí ó wà nínú èdè wọn: láti ení dé ẹẹ́rin, à ń fi lé e, láti àrún lọ, à ń fi dín in nínú mẹ́wàá tí ó wà níwájú. Ní ọjọ́ kẹta ni ìdánwò, kì í sì ṣe kí àwọn ọmọ kàn fi ohùn kan náà ka nọ́ńbà lákàtúnkà. Olùkọ́ yóò pe mẹ́rìndínlógójì, yóò sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi òkúta tò ó sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá to òkìtì mẹ́ta àti ẹyọ mẹ́fà ti yege. Ọmọ tí ó bá to òkìtì mẹ́rin àti ẹyọ mẹ́rin ti fi han olùkọ́ ibi tí ó ti ṣì í: ó fi lé e dípò kí ó fi dín in. Irú ìdánwò yìí ń ṣe olùkọ́ ní àǹfààní ju máàkì lọ. Gbogbo ìbéèrè Tyler mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ti dáhùn níbi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, owó tí a ná kò sì tó nǹkan.

Ohun kejì tí ó máa ń da ètò rú ni ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni sáà kan. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní yóò lọ sí orí ìmọ́tótó àti ìforúkọsílẹ̀. Ìsinmi àárín sáà yóò gba ọjọ́ díẹ̀. Àtúnyẹ̀wò yóò gba ọ̀sẹ̀ kan, ìdánwò àti máàkì yóò gba méjì. Ọdún Iléyá tàbí àyájọ́ Òmìnira lè bọ́ sí àárín rẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni ó kù fún ẹ̀kọ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni orí-ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú sikíìmù lè tó méjìlá. Olùkọ́ tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yóò rọra lọ títí di àárín, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, yóò máa da orí-ọ̀rọ̀ mẹ́ta lé àwọn ọmọ lórí ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí olùkọ́ pín àwọn orí-ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ òpó tí ẹ̀kọ́ mìíràn dúró lé. A kò gbọdọ̀ fi ìkánjú kọ́ wọn. Iye ipò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ṣe ìròpọ̀ tí ó ń ru nǹkan sórí. Àwọn kejì ni èyí tí a lè so pọ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn kẹta ni èyí tí ọmọ lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí èyí tí a lè kà nínú ìwé kíkà. Bí ilé-ìwé bá ní ju kíláàsì kan lọ ní ipele kan náà, kí àwọn olùkọ́ wọn jókòó papọ̀ ṣe ìpín yìí. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì yóò rán an létí.

Wàyí o, a kò lè sọ̀rọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kí a má dárúkọ iṣẹ́ ìwádìí tí a ṣe ní Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's «A» ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford láti Amẹ́ríkà fi owó ṣe ìrànwọ́. Nígbà náà, àṣà tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí a sì yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Àwọn tí ó wà nínú ètò náà fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lára àwọn ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa sì ni ó ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn kíláàsì mìíràn tí ó ń tẹ̀lé àṣà àtijọ́, kí wọ́n lè fi wé ara wọn.

Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìbẹ̀rù àwọn òbí pé ọmọ tí ó bá fi Yorùbá kàwé kò ní lè sọ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń dárúkọ Ifẹ̀ nínú ìpàdé, tí a sì máa ń dúró síbi èsì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Kì í ṣe pé wọ́n kàn pàṣẹ pé kí olùkọ́ máa sọ Yorùbá. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun. Wọ́n kọ ìwé fún àwọn ọmọ, wọ́n kọ ìwé fún olùkọ́, wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn ohun tí sáyẹ́ǹsì ń pè lórúkọ. Wọ́n kó olùkọ́ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń lọ sí kíláàsì láti wo bí nǹkan ti ń lọ, wọ́n sì ń tún ìwé ṣe níbi tí ó bá ti kù díẹ̀ káàtó. Àwọn kan ti béèrè pé, ṣé èdè ni ó fa àṣeyọrí náà ni, tàbí ìwé tuntun àti ìtọ́jú tí olùkọ́ rí? Ìbéèrè tí ó lọ́gbọ́n nínú ni. Ìdáhùn tí ó bá a mu ni pé a kò lè ya wọ́n nípa. Èdè ṣí ilẹ̀kùn, ètò ni ó gbé ọmọ wọlé.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àríyànjiyàn ọjọ́ wọ̀nyí. Ìlànà ti 1977 ti sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè tuntun tí ó sọ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn onímọ̀ èdè dùn. Ṣùgbọ́n Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tí ó kéde rẹ̀, Adamu Adamu, fi kún un lọ́jọ́ náà pé kò lè múlẹ̀ tán títí a ó fi ní ohun èlò ìkọ́ni àti olùkọ́ tí ó yẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, Mínísítà mìíràn, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé a ti fagi lé e. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó mú wá ni pé àwọn agbègbè tí ó ń fi èdè abínibí kọ́ni ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò àṣekágbá.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìpinnu náà ní àlàyé tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èdè pọ̀ ní Nàìjíríà. Kíláàsì kan ní Èkó lè ní ọmọ tí èdè ilé wọn tó márùn-ún. Olùkọ́ tí a gbé lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn kò lè fi èdè náà kọ́ni. Àwọn tí ó takò ó náà ń béèrè pé, ṣé a lè sọ pé irúgbìn kò dára nígbà tí a kò tíì ro oko tí a fẹ́ gbìn ín sí? Níbo ni ìwé ìṣirò onípele mẹ́fà ní èdè Yorùbá wà láàárín 2022 sí 2025? Olùkọ́ mélòó ni a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún un? Ìlànà tí a kò fún ní ohun èlò kò lè bí èsì tí a ó fi dá a lẹ́jọ́. Ohun tí Ifẹ̀ fi ọdún mẹ́fà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ṣe, a kò lè fi ìkéde kan ṣoṣo ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè fi ìkéde mìíràn pa òtítọ́ rẹ̀ rẹ́.

Ìpinnu ti jáde ná, olùkọ́ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń tẹ̀lé àṣẹ. Kí ni yóò wá ṣe? Kò sí àṣẹ tí ó lè mú kí ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ èdè tí wọn kì í sọ nílé rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ gbọdọ̀ fi èdè sínú ètò rẹ̀, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ fún orí ire. Nǹkan mẹ́ta ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Èkíní, nínú nóòtì kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ̀kọ́ náà kò lè yẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀kọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn tàbí àwòrán kọ́ wọn. Ọmọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan ń pàdánù ìlọ́po méjì: ẹ̀kọ́ sọnù, èdè náà kò sì sí.

Èkejì, kí ó lo àkókò ẹ̀kọ́ Yorùbá dáadáa. Yorùbá ṣì wà nínú iṣẹ́ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin tí a fọwọ́ sí ní 2018 sọ ọ́ di dandan ní gbogbo ilé-ìwé, títí kan ti àdáni. Bí sáyẹ́ǹsì bá ń sọ̀rọ̀ lórí òjò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ló dé tí àyọkà Yorùbá ọ̀sẹ̀ náà kò lè jẹ́ lórí òjò? Kí àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Yorùbá bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ tí a sá, bí ìkùukùu ṣe ń ṣú, bí ìrì ṣe ń sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò jẹ́ tuntun sí wọn. Òye ti wà nílẹ̀. Ètò ni ó lè mú èyí ṣẹlẹ̀, nítorí pé sikíìmù ẹ̀kọ́ méjèèjì gbọdọ̀ wà lórí tábìlì kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe da èdè méjèèjì pọ̀ bí àmàlà àti omi tútù. Olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó parí rẹ̀ ní Yorùbá, kò kọ́ ọmọ ní èyíkéyìí nínú wọn. Bí àlàyé ní Yorùbá bá pọn dandan, kí ó jẹ́ gbólóhùn tí ó pé, kí ó sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú gbólóhùn tí ó pé.

Olùkọ́ nìkan kò lè dá ẹrù yìí gbé. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ń bu ọwọ́ lu nóòtì ní láti máa kà á, kí ó máa bèèrè pé, «Báwo ni o ṣe mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n?» Ìbéèrè kan yìí wúlò ju yíǹkì pupa lọ. Ó yẹ kí alábẹ̀wò wo ìwé àwọn ọmọ ju ìwé olùkọ́ lọ. Ní ti òbí, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú ni ó yẹ kí ó máa bá ọmọ sọ nílé. Kí ó fi Yorùbá tí ó jiná bá a sọ̀rọ̀, kí ó rán an ní iṣẹ́ ọjà, kí ó jẹ́ kí ó ka owó, kí ó pa àlọ́ fún un. Ọmọ tí ó bá ní èdè kan tí ó pé ní ẹnu ni ó ní ibi tí yóò gbé èdè kejì lé.

Ẹ̀yin olùkọ́, bóyá ìlànà tún lè yí padà kí ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní lónìí tó jáde ní kíláàsì kẹfà. Kò dájú pé a ó bi olùkọ́ kíláàsì léèrè kí ó tó yí padà. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí aago bá lù tí àwọn ọmọ bá jókòó, kì í ṣe ìwé Àbújá ni yóò dìde dúró níwájú wọn. Olùkọ́ ni. Kí ó ti mọ ohun tí òun fẹ́ kí wọ́n lè ṣe kí aago tó tún lù, kí òkúta wẹ́wẹ́ ti wà lórí tábìlì, kí ó sì ti mọ èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ti ilé wá.